Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá gbé aláìsàn lọ sọ́dọ̀ dókítà lóru

Aago kan òru ti lé díẹ̀ nígbà tí ọ̀kadà kan já wọ ọgbà ọsibítù kékeré tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì nígbà náà ní Ilé-Ifẹ̀. Màmá àgbà kan wà láàárín ọlọ́kadà àti ọmọ rẹ̀, orí rẹ̀ ti ṣubú lé ẹ̀yìn ọlọ́kadà. "Àǹtí nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ibà ni. Ẹ bá wa gún un lábẹ́rẹ́." Òógùn tútù bo màmá, a pè é, kò dáhùn. Mo bi ọmọ pé oògùn wo ni màmá ń lò. Ó na ọ̀rá dúdú kan sí mi. Hóró oògùn tí wọ́n ti tú kúrò nínú páálí ló wà níbẹ̀, kò sí orúkọ kankan lára wọn. "Funfun yìí láàárọ̀, èyí tó rí bíi yẹ́lò yìí lálẹ́."

Ìka la kọ́kọ́ gún, a ò gún ìdí. Ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 34, bẹ́ẹ̀ tó bá ti wálẹ̀ ju 70 lọ, ó ti kéré jù. Dókítà fa omi ṣúgà sí i lára. Kò pẹ́ tí màmá fi la ojú, tó ní níbo ni ìborùn òun wà. Oògùn àtọ̀gbẹ ló lò, kò sì jẹun alẹ́.

Àṣìṣe àkọ́kọ́ wà nínú ọ̀rá dúdú yẹn. Dókítà tí ẹ̀ ń rí lọ́sàn-án mọ̀ yín, káàdì yín wà níwájú rẹ̀. Èyí tó wà lórí kọ́ọ̀lù lóru lè má rí yín rí, yàrá káàdì sì sábà máa ń wà ní títì. Ohun tí ẹ bá gbé dání àti ohun tí ẹ bá fẹnu sọ nìkan ló ní. Ẹ má tú oògùn kúrò nínú páálí rẹ̀. Ẹ ya fọ́tò páálí kọ̀ọ̀kan sórí fóònù ẹni méjì nínú ilé, ẹ kọ orúkọ àìsàn àti oògùn tí kì í bá aláìsàn lára mu mọ́ ọn. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun lágbègbè wa. Ní ìparí àwọn ọdún 1950, Dókítà David Morley tó ń ṣiṣẹ́ ní ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà ṣe káàdì ìwọ̀n ọmọdé kan ní Ìmẹ̀sí-Ilé, ọwọ́ ìyá ọmọ ló sì ń wà, kì í ṣe ọsibítù. Káàdì irú bẹ́ẹ̀ ti tàn ká ayé báyìí. Síbẹ̀, àwa tí ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde ń fi tiwa sábẹ́ ibùsùn.

Ẹ má fi ohun tí ẹ ti lò nílé pamọ́. "A ò tíì fún un ní nǹkan kan", àgbo sì ń rùn lẹ́nu ọmọ! Mi ò bínú sí àgbo, ṣùgbọ́n dókítà gbọ́dọ̀ mọ̀. Ti kẹ́míìsì náà ńkọ́? Parasitamọ́ọ̀lù wà nínú ọ̀pọ̀ oògùn ọ̀fìnkìn àti ti ara ríro tí wọ́n ń dì pọ̀ fún wa. Àgbàlagbà ò gbọ́dọ̀ lò ju hóró 8 tó jẹ́ mílígíráàmù 500 lọ láàárín wákàtí 24, ẹni tó lo oríṣi mẹ́ta lè kọjá ìyẹn láìmọ̀, ẹ̀dọ̀ ló sì máa jìyà rẹ̀.

Ẹ má fi dandan lé abẹ́rẹ́. Tí ara bá ń gbóná, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì ibà ná. Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí wọ́n tó fún ènìyàn lóògùn ibà. Abẹ́rẹ́ ara ríro bíi diclofenac ní tirẹ̀ lè mú ẹ̀jẹ̀ ríru ga sí i, ó sì lè mú ọgbẹ́ inú ṣẹ̀jẹ̀.

Ẹ má sì tijú láti bèèrè pé, "Dókítà, kí lorúkọ oògùn yìí, báwo ló ṣe pọ̀ tó?" Àwọn kan rò pé àrífín ni. Ní oṣù kejì ọdún 2008, ní Cambridgeshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà kan tó wá láti Jámánì fún iṣẹ́ òpin ọ̀sẹ̀ lọ wo ọkùnrin ẹni 70 ọdún kan nílé. Mílígíráàmù 100 oògùn ìrora tó le ló gún un, ìlọ́po mẹ́wàá èyí tó yẹ, ọkùnrin náà sì kú. Ọjọ́ tó ṣáájú ló wọ ìlú, oògùn tí kò mọ́ ọn lára ló ń lò, fún ẹni tí kò mọ̀ rí. Ìlú tó létò nìyẹn o. Lọ́dọ̀ wa, dókítà tó ń wò yín ní aago mẹ́ta òru lè ti wà lẹ́nu iṣẹ́ láti àárọ̀. Ìbéèrè yín lè jẹ́ ohun tó máa mú un tún orí páálí kà.

Fóònù? Ó dára fún bíbèèrè ohun kékeré. Ṣùgbọ́n ẹ má jókòó ti fídíò WhatsApp nígbà tí ọmọ kò lè mu omi tàbí ọmú mọ́, tó ń bì gbogbo ohun tó bá gbé mì, tàbí tí kò ṣeé jí. Ẹ ka mímí rẹ̀ fún odidi ìṣẹ́jú kan: 50 sókè fún ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá, 40 sókè fún ọmọ ọdún kan sí márùn-ún, ẹ máa gbé e lọ. Tó bá jẹ́ gìrì, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má da ìtọ̀ màlúù sí i lọ́fun, ẹ má na ẹsẹ̀ rẹ̀ síná. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, ẹ wo aago. Tó bá ti kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, pàjáwìrì ni, àmọ́ kódà tó bá tètè dúró, ẹ ṣì gbé e lọ.

Owó ló ń mú ọ̀pọ̀ dúró di àárọ̀. Òfin Ìlera ti ọdún 2014, ní abala 20, ní ọsibítù ò gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí ohunkóhun. Ẹni tó bá rú u lè san ₦100,000 tàbí kó lọ sẹ́wọ̀n oṣù mẹ́fà. Mo mọ ohun tí ojú ń rí lẹ́nu géètì. Ẹ ṣáà dárúkọ òfin yẹn, ó máa ń mú wọn ronú.

Àṣìṣe tó kù ni kánjú àtilọ sílé. Ọmọ màmá ọjọ́ yẹn ti pe ọlọ́kadà padà. "Ó ti jí, ó ń sọ̀rọ̀, kí la tún ń dúró ṣe?" Dókítà kọ̀ jálẹ̀, torí oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tó lè fa ṣúgà wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn wákàtí díẹ̀. Nígbà tí a tún gún ìka màmá ní nǹkan bí aago mẹ́rin ààbọ̀, 52 la rí.

Ilẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó lọ. Dókítà kọ ohun tó ṣẹlẹ̀, ohun tí a fún un àti aago tí a fún un sínú ìwé, ó ní kí wọ́n gbé e lọ fún dókítà tó ń tọ́jú màmá lọ́jọ́ náà gan-an. Ọmọ náà ká ìwé, ó wo ọ̀tún wo òsì, ó tì í bọ inú ọ̀rá dúdú yẹn.