Fún àwọn tó fẹ́ padà sídìí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà
Ẹ̀yin ará wa ní Ìlọrin àti Ọ̀fà, bí àìsàn tàbí ìdádúró bá ti gba iṣẹ́ kọ̀ǹpútà lọ́wọ́ yín, ẹ má tíì máa kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́ kiri. Ẹ kọ́kọ́ wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ 3MTT (Three Million Technical Talent, ètò tó ń kọ́ni níṣẹ́ kọ̀ǹpútà) tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 2023, kí ẹ sì mú ẹ̀ka tó sún mọ́ iṣẹ́ àtijọ́ yín, nítorí ẹni tó ti tọ́jú nẹ́tíwọ́ọ̀kì rí yóò tètè lóye ẹ̀kọ́ ààbò kọ̀ǹpútà. Ìwé-ẹ̀rí nìkan kò tó, lójú tèmi: ẹ máa gbé iṣẹ́ tí ẹ bá ṣe sórí GitHub, ìkànnì tí àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń tọ́jú iṣẹ́ wọn sí, níbi tí agbanisíṣẹ́ yóò ti rí i pẹ̀lú ọjọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi yín nípa àkókò tí ẹ fi jókòó sílé, gbólóhùn kan péré ti tó.