Jíìpù Nílẹ̀ Olókè: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ìdílé Àgbẹ̀ ní Èkìtì

Ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa, ẹ kú iṣẹ́ oko. Ilé tí jíìpù tòkúnbọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀ ni a kọ ìwé yìí fún. Bóyá ọmọ tó wà lókè òkun ló fi ránṣẹ́, bóyá owó kòkó lẹ fi rà á, bóyá owó ìfẹ̀yìntì tíṣà ni. Bó ti wù kó dé, ọkọ̀ kan náà ni yóò gbé àwọn ọmọ lọ sílé ìwé láàárọ̀ Mọ́ńdè, òun náà ni yóò kó iṣu bọ̀ láti oko ní Sátidé, tí yóò sì tún gbé ẹbí lọ sóde ìsìnkú ní Ìkọ̀lé. Ohun tí mo rí lọ́dọ̀ àwọn àgbẹ̀ tí mo ń bẹ̀ wò ni pé gíga jíìpù máa ń tan èèyàn jẹ. A rí i pó ga, a sì gbà pé kò sóhun tí kò lè ṣe. Bẹ́ẹ̀, gíga yẹn àti wíwúwo rẹ̀ gan-an ló ń dá a lóró nílẹ̀ tiwa yìí, níbi tí ọ̀nà tó tẹ́jú ti ṣọ̀wọ́n. Òkè àti ẹrù ni ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí dá lé.

Ẹ mọ irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín

Kì í ṣe gbogbo jíìpù ló ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà. Ọ̀pọ̀ Highlander, RAV4 àti CR-V tó ń ti Amẹ́ríkà wọlé, ẹsẹ̀ iwájú méjì nìkan ló ń fà á, bíi ti ọkọ̀ kékeré. Ẹ bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀pá irin gígùn kan tó ti àárín ọkọ̀ lọ sẹ́yìn, tó wọnú irin rìbìtì láàárín táyà ẹ̀yìn méjèèjì, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fà. Bí kò bá sí ọ̀pá yẹn, ẹ má torí orúkọ jíìpù kó wọ ọ̀nà oko tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ rọ̀ sí. Bó bá rì sínú ẹrẹ̀, ẹ má tẹ tọ́tù kí táyà máa yí lójú kan, ihò ló ń gbẹ́ fún ara rẹ̀. Ẹ fa ẹrẹ̀ iwájú táyà kúrò, ẹ tẹ́ imọ̀ ọ̀pẹ tàbí pákó síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì rọra jáde.

Ẹni tí tirẹ̀ ń fi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin fà ní ìnáwó kan tí ẹnì kejì rẹ̀ kò ní: táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọ́dọ̀ jẹ́ ìwọ̀n kan náà, kí jíjẹ wọn má sì jìnnà síra. Tuntun méjì níwájú, èyí tó ti pá méjì lẹ́yìn, bí irin tó ń pín agbára fún wọn ṣe ń jẹ ara rẹ̀ nìyẹn.

Ẹ tún wo dáṣíbọ́ọ̀dù. Jíìpù tó ti Amẹ́ríkà wá, máìlì ló ń kà. Máìlì 1 sì jẹ́ kìlómítà 1.6. Mẹkáníìkì yóò ní kí ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ní 5,000, kìlómítà ló ní lọ́kàn. Ẹ̀yin yóò wá dúró de 5,000 lórí dáṣíbọ́ọ̀dù, ìyẹn kìlómítà 8,000, kí ọ́ìlì tó kúrò. Nígbà yẹn ọ́ìlì náà ti dúdú bí adín àgbọn tó jóná. Máìlì 3,000 ni kí ẹ máa kà. Ẹ kọ nọ́ńbà tí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ sára téèpù funfun, kí ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Iṣu, kòkó àti èèyàn

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí ẹ wo òpó tí ilẹ̀kùn ń tì mọ́. Ìwé kékeré kan wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n gbogbo èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ yẹn lè gbé, ní kg àti lbs. Kò pọ̀ tó bí ojú ṣe rò ó. Ká ní 500 kg ló wà lára tiyín. Àgbàlagbà márùn-ún tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 70 kg ti gba 350. Ó ku 150. Àpò kòkó 16 ló ń pé tọ́ọ̀nù kan, nítorí náà àpò kan jẹ́ 62 kg àti ààbọ̀. Àpò méjì péré, àyè ti tán. Mo ti rí jíìpù tó kó àpò mẹ́fà, pẹ̀lú ìyá àgbà níwájú àti ọmọ mẹ́rin lẹ́yìn, tí ìdí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn rẹ̀ kò lò ju àsìkò kòkó kan yẹn lọ.

Bí ẹrù bá wà, ẹ pa ìjókòó ẹ̀yìn pátápátá dé, kí ẹ fi èyí tó wúwo jù sísàlẹ̀, kó súnmọ́ ẹ̀yìn ìjókòó àárín. Kó má ga ju orí ìjókòó lọ. Iṣu tí a ń pè ní uṣu nílé, bó bá wọn 4 kg, tí ẹ sì tẹ bíréèkì lójijì, àfi bí ìgbà tí ẹnìkan sọ òkúta lu ẹni tó wà níwájú. Nítorí èyí, ọmọ kì í bá ẹrù jókòó sẹ́yìn pátápátá. Orí ọkọ̀ ńkọ́? Ẹní, àga ṣíṣòfo, ohun fífúyẹ́, ó tó bẹ́ẹ̀. Jíìpù tó gbé ẹrù wúwo lórí, kọ̀rọ̀ ọ̀nà kan ló máa fi dojú dé.

Ẹni tó ń fi jíìpù gbé ewúrẹ́ lọ sọ́jà, kí ó tẹ́ tapólì sílẹ̀ kó ká etí rẹ̀ sókè. Ìtọ̀ ewúrẹ́ máa ń wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì, ó ń jẹ irin, ó sì ń jẹ wáyà tó gba ibẹ̀ kọjá. Òórùn rẹ̀ nìkan kọ́ la ń sọ.

Gígùn òkè àti sísọ̀kalẹ̀

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ kà jù. Lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ń sọ̀ kalẹ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè pẹ̀lú iṣu àti èèyàn márùn-ún nínú ọkọ̀. Ẹsẹ̀ mi wà lórí bíréèkì látòkè, mo rọra tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, mo rò pé ìṣọ́ra ni. Òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í rùn bí aṣọ tó ń jóná. Lẹ́yìn náà ni bíréèkì rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, ó lọ sílẹ̀ pẹ̀lẹ́, ọkọ̀ kò dúró. Jíà tí mo fà sí L, tí mo sì ń fa bíréèkì ọwọ́ díẹ̀díẹ̀, ló gbà wá. Ìyàwó mi ò bá mi sọ̀rọ̀ títí a fi délé.

Ohun tó fà á kò ṣòro. Ooru ni bíréèkì ń sọ eré ọkọ̀ dà. Bí ọkọ̀ bá ṣe wúwo tó, tí òkè sì gùn tó, ni ooru náà ń pọ̀ tó. Epo bíréèkì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Nígbà tí ooru bá pọ̀, omi inú rẹ̀ á hó, yóò di èéfín. Èéfín kò lè ti bíréèkì bí epo ṣe ń tì í. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fa epo bíréèkì dà nù pátápátá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún méjì. Kí mẹkáníìkì kan bu díẹ̀ kún un kò túmọ̀ sí pé ó ti pààrọ̀ rẹ̀. Irú tí wọ́n kọ sórí ìdérí rẹ̀ ni kí ẹ rà.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀, kì í ṣe nígbà tí ẹ ti dé àárín, ẹ dín eré kù, kí ẹ fa jíà láti D wá sí 3, 2 tàbí L, tàbí kí ẹ tẹ bọ́tìnì O/D OFF, tó ń dá jíà tó ga jù dúró, bí ọkọ̀ yín bá ní in. Ẹ́ńjìnnì á ké ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Kò burú, òun ló ń di ọkọ̀ mú. Kìkì kí ọwọ́ aago ẹ́ńjìnnì má wọ ibi pupa. Jíà tí ẹ máa fi gun òkè kan náà ni kí ẹ fi sọ̀ ọ́. Bí eré bá tún pọ̀, ẹ tẹ bíréèkì dáadáa fún ìgbà díẹ̀, kí ẹ sì ṣí ẹsẹ̀ kúrò pátápátá kó lè fẹ́ atẹ́gùn. Bí òórùn bá dé, ẹ wá ibi dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má da omi sí i, irin tó gbóná tí omi tutù bá lù lè ká kò.

Àwọn dírẹ́bà kan ní ọgbọ́n kan tí wọ́n ń pè ní fíríì: wọ́n á fi jíà sí N bí wọ́n bá ti dórí òkè, kí ọkọ̀ máa yí lọ fúnra rẹ̀, kí epo má jó. Láti ìgbà tí owó ìrànwọ́ epo ti kúrò ní 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, mo mọ̀ pé àdánwò yẹn pọ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ́n yìí kò lérè. Ọkọ̀ òde òní, bí jíà bá wọlé tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí tọ́tù, kọ̀ǹpútà rẹ̀ máa ń dá epo dúró, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì. Bí ẹ bá fi sí N, epo gbọ́dọ̀ máa jó kí ẹ́ńjìnnì má bàa kú. Ẹni tó lo fíríì sun epo, ó sì tún gba ohun tó ń di ọkọ̀ mú kúrò.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí epo ṣe ń lọ, ẹ bu epo kún táǹkì, ẹ yí ònkà ìrìn kékeré sí òdo, kí ẹ wakọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, lẹ́yìn náà kí ẹ tún kún un nílé epo kan náà. Ẹ fi lítà tó wọlé pín ìrìn tí ẹ rìn. Ẹ ṣe é lọ́sẹ̀ tí ẹ kó iṣu àti lọ́sẹ̀ tí ẹ kò kó. Ìyàtọ̀ yẹn ni owó ọkọ̀ tí ẹ gbọ́dọ̀ fi kún owó iṣu.

Tẹ́ ẹ bá ń gùn ún, ẹ jìnnà sí ẹ̀yìn típà, ó lè yí padà sẹ́yìn. Bí ọwọ́ aago ooru bá ń lọ sókè, ẹ pa ẹ̀rọ atútù. Bó bá ṣì ń lọ, ẹ dúró, ẹ má sì ṣí ìdérí rédíétọ̀ títí ọwọ́ á fi lè gbà á. Omi inú rẹ̀ gbóná ju omi tó ń hó lórí iná lọ, nítorí pé ó wà ní dídé. Kúláǹtì ni kó wà nínú rẹ̀. Omi kànga ń jẹ́ kó dípẹtà. Mẹkáníìkì tó bá ní kí ẹ jẹ́ kí òun yọ tẹmọ́sítáàtì, ìyẹn ohun tó ń ṣí tó sì ń ti ọ̀nà omi ẹ́ńjìnnì, dànù kí ọkọ̀ lè tutù, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ wá ẹlòmíràn. Ohun tó ń fa ooru wà níbẹ̀ síbẹ̀.

Àwọn nǹkan tí ojú kì í tètè rí

Highlander oní-V6 ti ọdún 2004 sí 2007 àti Lexus RX 330, bẹ́líìtì rọ́bà ló ń yí inú ẹ́ńjìnnì wọn, ó sì ní àsìkò tirẹ̀: máìlì 90,000. Tí kò bá sẹ́ni tó lè sọ ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ẹ gbà pé kò tíì ṣẹlẹ̀. Ọ́ìlì jíà kì í ṣe ọ̀kan náà fún gbogbo ọkọ̀. Ìwé tó bá ọkọ̀ wá, tó ṣeé ṣe kó ṣì wà nínú pígínhóòlù, ló ń sọ irú èyí tó yẹ ẹ́. Jíà CVT, ìyẹn jíà tí kò ní ìpele bíi ti tẹ́lẹ̀, tí wọ́n bu ọ́ìlì jíà lásán sí kì í pẹ́ kú.

Lára táyà, ẹ wá nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn nínú ohun tó tẹ̀lé lẹ́tà DOT. 2319 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019. Táyà tòkúnbọ̀ lè máa dán nígbà tí ara rẹ̀ ti gbó. Láàárọ̀ kùtù, kí ọkọ̀ tó rìn, ni kí ẹ wọn afẹ́fẹ́ rẹ̀, ìwé ara òpó ilẹ̀kùn yẹn náà ló ní iye tó yẹ. Ti Highlander, táyà àfikún wà lábẹ́ ọkọ̀, ó so mọ́ okùn irin. Ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ èèyàn, ọjọ́ tí táyà jò lóru ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ pé okùn ti dípẹtà, kò sì sọ̀ mọ́.

Eku jẹ́ ọ̀tá gidi fún ọkọ̀ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àká. Wáyà ló ń jẹ, ó sì ń kó koríko jọ sórí ẹ́ńjìnnì. Ẹ má gbé ọkọ̀ náà sórí koríko, ẹ gbá gúgúrú àti ẹ̀pà àwọn ọmọ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì wò láàárọ̀ kí ẹ tó yí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Lásìkò ọyẹ́, fíìtà afẹ́fẹ́ ń dí kíákíá, ẹ yọ ọ́ kí ẹ gbọn eruku rẹ̀. Ti ẹ̀rọ atútù wà lẹ́yìn pígínhóòlù nínú ọ̀pọ̀ wọn.

Ìwé ọkọ̀: ìforúkọsílẹ̀, ìwé ẹ̀rí pé ọkọ̀ dára fún ọ̀nà, ìwé àṣẹ ìwakọ̀, àti ìwé ìbánigbófò (inṣọ́ránsì). Ìbánigbófò tó kéré jù fún ọkọ̀ ilé di ₦15,000 láti oṣù Kíní ọdún 2023, ₦5,000 ni tẹ́lẹ̀. 

Iná ẹ́ńjìnnì tó tàn lórí dáṣíbọ́ọ̀dù kì í ṣe ohun tí à ń fi téèpù bò. Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1996, ọdún kan náà tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀, ní ihò kan lábẹ́ sítíárín tí ẹ̀rọ kékeré máa ń wọ̀, tí yóò sì ka nọ́ńbà àìsàn rẹ̀ síta. Ẹ jẹ́ kí wọ́n kà á kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í tú nǹkan. Bí iná náà bá tàn gbọn-in, ẹ ṣì lè rọra wakọ̀ dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì. Bó bá ń ṣẹ́jú, epo tí kò jóná ń wọ inú ọ̀pá èéfín ọkọ̀, ooru rẹ̀ lè ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ yà sẹ́bàá ọ̀nà, ẹ gbé àmì onígun mẹ́ta sẹ́yìn, kí àwọn ọmọ bọ́ sílẹ̀ síhà igbó, kì í ṣe síhà ọ̀nà. Bí ìjàǹbá bá ti ṣẹlẹ̀, 122 ni nọ́ńbà àwọn ẹ̀ṣọ́ ojú pópó.