Bí a ṣe yẹ omi kànga wò ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun

Kọ́ọ̀sì kan wà ní yunifásítì wa ní Òṣogbo níbí tí kò ní ìdánwò orí ìwé. Ohun tí o kọ́ ní kíláàsì ni wàá gbé wọ àdúgbò, wàá fi ṣe nǹkan tí àwọn ará ibẹ̀ nílò, olùkọ́ á sì fún ẹ ní máàkì lórí rẹ̀. Microbiology ni èmi ń kà, ẹ̀kọ́ nípa àwọn kòkòrò tín-ín-tín tí ojú lásán kò lè rí. Omi kànga ni ẹgbẹ́ wa mú, a sì forí lé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun.

Ọ̀dọ̀ baálé la kọ́kọ́ lọ. Bàbá gbọ́ wa tán, wọ́n ní, "Àwọn ọmọ yunifásítì máa ń wá síbí dáadáa. Wọ́n á béèrè ọ̀rọ̀, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á ya fọ́tò, ó parí nìyẹn. Ẹ̀yin ńkọ́, ṣé ẹ máa padà wá sọ ohun tí ẹ bá rí?" A ní a máa padà. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an niṣẹ́ wà. Ta ni kò lè bu omi sínú ìgò?

A fi téèpù wọn àárín kànga sí ṣáláńgá. Mítà 30 ni wọ́n sábà máa ń ní kó wà láàárín méjèèjì. Nínú agbo ilé tí ògiri fara kan ògiri, ibo lèèyàn ti fẹ́ rí mítà 30? A kọ ohun tí a bá níbẹ̀ sílẹ̀, a ò bá ẹnikẹ́ni wíjọ́.

Ìgò tí a lò kéré, a ti sè é kí kòkòrò kankan má bàa ṣẹ́ kù sínú rẹ̀, bébà tí a rẹ sínú kẹ́míkà sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. A bu omi sí i dé ojú ìlà, a dé e, a fi sílẹ̀ nínú ilé onílé, níbi tí oòrùn kò ta sí. Bí ìgbẹ́ bá ti ráyè wọ inú kànga, láàárín ọjọ́ kan sí méjì omi náà á dúdú bí aró. Àwa la dìídì fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kí wọ́n lè fojú ara wọn rí i. Ìyá kan tó ń ta ẹ̀kọ ní, "Omi tó mọ́ gaara yìí? Látìgbà tí wọ́n ti gbé mi wọlé ni mo ti ń mu ún." Nígbà tí a padà dé, wọ́n gbé ìgò náà jáde fúnra wọn, ó ti dúdú kirikiri. "Ó dáa," ni wọ́n wí, "kí ni kí n wá ṣe?"

A dá wọn lóhùn pé: ẹ fi ìdérí bo kànga. Ẹ má gbé gùgà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ẹ fi kọ́ sókè. Omi mímu, ẹ sè é kó hó dáadáa. Láti fọ kànga fúnra rẹ̀, Jíìkì tí kò ní lọ́fíńdà ni. A so òkúta mọ́ okùn, a jù ú sísàlẹ̀, ibi tí okùn tutù dé ló sọ bí omi ṣe jìn tó. Kànga tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 1, tí omi rẹ̀ jìn tó mítà 3, gba nǹkan bíi líta 2,360. Bí kẹ́míkà apakòkòrò inú Jíìkì bá jẹ́ 3.5%, líta mẹ́ta àtààbọ̀ máa tó o. A dà á sí i, kò sẹ́ni tó fọwọ́ kan omi náà di ọjọ́ kejì, lẹ́yìn náà ni wọ́n fà á dànù títí òórùn fi lọ.

Ìbéèrè tó le jù kò sí nínú ìwé wa rárá. Bàbá kan béèrè bóyá ìgò wa lè yẹ odò Ọ̀ṣun wò. Wọ́n ń wa góòlù lápá òkè odò náà, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, omi rẹ̀ sì ti dà bí ẹrẹ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ kìlọ̀ pé kí àwọn tó ń bọ̀ wá sọ́dún má mu ún. Mo sọ fún Bàbá pé kòkòrò nìkan ni ìgò wa mọ̀. Kò mọ òjé, kò mọ mẹ́kúrì, àwọn irin olóró tí iṣẹ́ góòlù lè kó sínú omi, bẹ́ẹ̀ ni síse kì í lé wọn kúrò nínú omi. Ẹ̀rọ tó ń rí wọn yàtọ̀. Inú Bàbá kò dùn, inú tèmi náà kò dùn.

Kí a tó kó èsì lọ sí ìpàdé, a kọ́kọ́ lọ bá onílé kọ̀ọ̀kan ní kọ̀rọ̀. Bí a bá dárúkọ kànga kan ní gbangba, àwọn ayálégbé lè kó jáde, ọ̀rọ̀ á sì di ìjà. Ní ìpàdé, iye kànga tó dúdú nìkan la kà, ní Yorùbá, láìsí àdàlù. Ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ní àwọn á máa dáwó Jíìkì kí òjò tó dé, torí ìgbà òjò ni ìdọ̀tí ń wọ́ wọ kànga jù. Akọ̀wé wọn gba okùn olókùúta lọ́wọ́ wa, a kọ ìṣirò rẹ̀ sára páálí fún un, òun ló sì wọn kànga méjì tó kẹ́yìn níṣojú wa.