"Ń" kan ṣoṣo ló jẹ 3,000 náírà mi

Káàdì tó yẹ kí n fi 3,000 náírà tẹ̀, 6,000 ló gbà lọ́wọ́ mi. Lẹ́tà kan ló fà á. Inú ṣì ń bí mi.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló fẹ́ ṣọjọ́ìbí. Garfield ni èmi àtọmọ náà jọ fẹ́ràn, ológbò ọ̀rọ̀bọ̀ aláwọ̀ ọsàn inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ tó ti ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín nínú ìwé ìròyìn láti 1978, tó kórìíra ọjọ́ Ajé bí ẹni pé ó níṣẹ́ tó ń lọ. Mo wá ní kí n kọ haiku fún un, ewì kékeré àwọn ará Jàpáànì: ìlà mẹ́ta, sílébù 5, 7, 5. Mo kọ ọ́, mo gbé e lọ tẹ̀ ní Tákìé, l'Ógbómọ̀ṣọ́ níbí:

Ọjọ́ Ajé dé
Ológbò yíra padà
Ó ní òun ń sùn

Mo ń yangàn kiri, àfi ìgbà tí ẹ̀gbọ́n mi, tíṣà Yorùbá, gbà á, tí wọ́n ń fi ìka kà á. "Mẹ́fà ni ìlà ìkẹyìn."

"Márùn-ún ni, ẹ̀gbọ́n mi."

"Ń yẹn ńkọ́? Ṣé o gbé e mì ni?"

Mo jiyàn. Ṣé n ti wá di fáwẹ́lì ni? Wọ́n ní kí n pàtẹ́wọ́ sí "ó sùn", kí n tún pa á sí "ó ń sùn". Méjì, mẹ́ta. Ẹnu mi wọhò. Èyí tó tún dùn mí ni pé àwọn ará Jàpáànì pàápàá máa ń ka n tiwọn: Nihon, orúkọ orílẹ̀-èdè wọn, mẹ́ta ni lẹ́nu wọn, ni-ho-n.

Mo yọ ń kúrò: "ó ní òun sùn." Ológbò ti jí nìyẹn, ẹ̀fẹ̀ ti kú. Mo kọ "ó ní ó ń sùn", ó di pé ẹlòmíì ló ń sùn! Òru méjì gbáko. Àfìgbà tí mo gbọ́ tí ọmọ kọndọ́ kan ń pariwo ní gáréèjì pé, "Dírẹ́bà lóun ń bọ̀!" Ó lóun ń sùn. Márùn-ún géérégé. Ta ló tiẹ̀ ń sọ "ní òun" l'Ógbómọ̀ṣọ́?

Ẹni tó tẹ káàdì ò dín kọ́bọ̀: "Ohun tẹ́ ẹ kọ la tẹ̀." Mo wá fìbínú fi ẹlẹ́ẹ̀kejì sẹ́yìn rẹ̀:

Lórí tábìlì
Ajá ń fi ìrù jó
Gbì! Ó ti balẹ̀

Mi ò dárúkọ ẹni tó ta á nípàá. Ọmọ náà mọ̀ ọ́n, ó rẹ́rìn-ín títí.

Bó o bá fẹ́ kọ tìẹ, pàtẹ́wọ́ kó o tó sanwó. Káàdì àkọ́kọ́ wà lára fíríìjì mi. Mi ò lè da 3,000 náírà nù.