Bí Gíláàsì Líle Bá Fọ́ Fúnra Rẹ̀ Nínú Yàrá Onígíláàsì: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Ṣe Kí Ẹ Tó Gbá A Dànù

Ẹni tó ní yàrá onígíláàsì nínú ilé rẹ̀ lè ta jí lóru nítorí ìró kan tó dún gbàù bí ìbọn, kó sì bá gíláàsì kan tó ti fọ́ wẹ́wẹ́, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni kò ju òkúta, ẹyẹ kò kọlù ú, ìjì kò sì jà. Ìgbálẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń kọ́kọ́ mú. Mo bẹ̀ yín, ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ ná. Inú àfọ́kù yẹn ni ẹ̀rí wà, bí ẹ bá sì ti dà á nù, yóò ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti sọ bóyá ọwọ́ ẹni tó ṣe gíláàsì ni àléébù ti wá, tàbí ọwọ́ ẹni tó gbé e sójú férémù, tàbí pé nǹkan kan ló gbá a.

Ààbò ara yín ló ṣáájú. Ẹ kó àwọn ọmọdé àti ẹran ọ̀sìn kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì ti ilẹ̀kùn. Bó bá jẹ́ gíláàsì òrùlé ni, ẹ má ṣe dúró sábẹ́ rẹ̀ rárá, nítorí pé àfọ́kù gíláàsì líle lè so mọ́ra ní ìṣùpọ̀ tó wúwo, kó sì já lulẹ̀ nígbà tí ẹ bá rò pé ohun gbogbo ti parí. Ẹ wọ bàtà tó bo ẹsẹ̀, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ tó nípọn, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú. Lóòótọ́ ni àfọ́kù yìí kò mú tó ti gíláàsì lásán, ṣùgbọ́n ó ń géni.

Kí a tó lè ka àfọ́kù náà, ó yẹ kí a mọ ohun tó wà nínú gíláàsì fúnra rẹ̀. Láti ṣe gíláàsì líle (tempered glass), gíláàsì lásán ni wọ́n máa ń fi sínú iná tó ju 600°C lọ, tí wọ́n á sì fi atẹ́gùn tútù fẹ́ lójijì. Ojú rẹ̀ méjèèjì á kọ́kọ́ tutù, á sì le. Nígbà tí àárín bá wá ń tutù, tó ń fẹ́ súnkì, ojú tó ti le kò ní gbà fún un. Nítorí náà, ojú gíláàsì wà ní fífún pọ̀, àárín rẹ̀ sì wà ní fífà, títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Èyí ló mú kó lágbára tó ìlọ́po mẹ́rin sí márùn-ún gíláàsì lásán tó nípọn bákan náà. Òun náà ni kò jẹ́ kó lè sán díẹ̀ kó sì dúró: bí ìsán kan bá ti dé àárín tó ń fà, gbogbo rẹ̀ ló máa lọ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ohun tó sábà wà nídìí fífọ́ láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án ni èérún nickel sulphide (àdàpọ̀ nickel àti sulphur), tó lè kéré tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, tó wọ inú gíláàsì nígbà tí wọ́n ń yọ́ ọ. Bí ooru bá ju 379°C lọ, èérún yìí máa ń wà ní ìrísí tó kéré; bó bá tutù, ó yẹ kó yí sí ìrísí tó fi ìdá 2 sí 4 nínú ọgọ́rùn-ún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀. Atẹ́gùn tútù yẹn kì í jẹ́ kó ráyè yí padà. Yóò wá máa yí díẹ̀díẹ̀ lójú férémù, fún oṣù tàbí ọ̀pọ̀ ọdún, títí yóò fi la àárín gíláàsì tó ń fà. Ní ọdún 1961, E. R. Ballantyne, tó ṣèwádìí nípa gíláàsì tó ń fọ́ lára ilé gíga kan ní ìlú Melbourne ní Ọsirélíà, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ padà wá sídìí àfọ́kù yín. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, lẹ́yìn náà láti ìtòsí, kí ẹ sì gbé rúlà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bó bá jẹ́ gíláàsì onípele méjì, ipele tó fọ́ sábà máa ń dúró sójú férémù, oríire ńlá sì nìyẹn. Gbogbo ìlà ìsán ló ń tàn ká láti ojú kan ṣoṣo. Ẹ tọ̀ wọ́n padà síbẹ̀. Ẹ fi sẹ́lótéèpù fẹ̀ǹfẹ̀ tó mọ́ gaara lẹ àfọ́kù ibẹ̀ pọ̀ kí ẹ tó yọ ọ́.

Bí ojú náà bá wà létí gíláàsì, ẹ wo férémù ní ọ̀gangan ibẹ̀ dáadáa: ó ṣeé ṣe kí irin tàbí síkúrù máa kan gíláàsì, tàbí kí etí rẹ̀ ti ṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e sókè. Bó bá wà láàárín, tí ojú gíláàsì sì ní kòtò kékeré funfun tó rún, nǹkan ló gbá a. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí àfọ́kù méjì tó tóbi díẹ̀ ju àwọn yòókù lọ, tí wọ́n fara kan ara wọn lójú ìlà kan bí ìyẹ́ labalábá tó nà, ẹ gbé wọn sójú ìmọ́lẹ̀. Ẹ fi awò amúǹkantóbi wo ìlà àárín wọn, kì í ṣe ojú gíláàsì, bí kò ṣe inú ìnípọn rẹ̀. Bí tóótó dúdú kan bá wà níbẹ̀, ẹ kó àfọ́kù méjèèjì sínú ike, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ má sì fi fún ẹnikẹ́ni láìgba ìwé. Ìyẹ́ labalábá nìkan kò tó ẹ̀rí. Ilé àyẹ̀wò tó ní ẹ̀rọ awò alágbára ló lè fìdí ohun tí tóótó náà jẹ́ múlẹ̀.

Wọ́n lè sọ fún yín pé oòrùn ló fọ́ ọ. Ẹ má ṣe tètè gbà. Gíláàsì líle máa ń fara da ìyàtọ̀ ooru tó tó 200°C láàárín apá kan àti èkejì, nígbà tí gíláàsì lásán kì í sábà kọjá nǹkan bí 40°C. Bó bá jẹ́ pé ìlà gígùn kan tàbí méjì ló sán láti etí, tí kò fọ́ wẹ́wẹ́, a jẹ́ pé gíláàsì lásán ni wọ́n fi síbẹ̀, ẹjọ́ mìíràn sì nìyẹn.

Ẹ wá òǹtẹ̀ kékeré tó wà ní igun gíláàsì, kí ẹ sì ya fọ́tò rẹ̀. Ní Yúróòpù, nọ́ńbà òdiwọ̀n ló máa ń wà nínú òǹtẹ̀ náà: EN 12150 túmọ̀ sí gíláàsì líle. EN 14179 túmọ̀ sí èyí tí wọ́n tún fi ooru dán wò nínú ààrò, kí èyí tó ní èérún burúkú lè fọ́ níbẹ̀ dípò kó fọ́ nínú ilé. Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ kọ̀wé sí ẹni tó tà á àti sí ilé-iṣẹ́ adójútòfò yín.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ béèrè èyí tí wọ́n ti dán wò nínú ààrò. Ìdánwò náà kò mú ewu kúrò pátápátá: òdiwọ̀n Yúróòpù ṣì gbà pé ẹyọ kan lè fọ́ nínú 400 tọ́ọ̀nù gíláàsì tí wọ́n ti dán wò bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, fún òrùlé, èrò tèmi ni pé kí ipele ìsàlẹ̀ jẹ́ gíláàsì méjì tí wọ́n fi ọ̀rá lẹ̀ pọ̀, kí àfọ́kù lè so mọ́ ọ̀rá náà dípò kó já sórí ẹni tó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Bí owó kò bá tó fún gbogbo yàrá, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti òrùlé.

Ẹ rí i pé ìwọ̀n pé kí wọ́n tó ṣe é, nítorí pé gíláàsì líle kò ṣeé gé, kò sì ṣeé lu ihò sí mọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yí etí rẹ̀ ká kí ó tó wọ férémù. Bí etí kan bá ṣẹ́, ì báà kéré bí orí abẹ́rẹ́, ẹ dá a padà.