Bí Mo Ṣe Tọpa Ìgbì Afẹ́fẹ́ Kan Nínú Dátà Ráda

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni bóyá ìsàlẹ̀ tàbí òkè ni agbára ìgbì kan nínú stratosphere, ìpele afẹ́fẹ́ tó wà lókè ibi tí òjò àti ìjì ti ń ṣẹlẹ̀, ti wá. Nígbà tí òkè ńlá, ìjì tàbí ẹ̀fúùfù líle bá ti afẹ́fẹ́ kúrò ní ipò rẹ̀, òòfà ilẹ̀ a máa fà á padà, yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Dátà ráda Capel Dewi, nítòsí Aberystwyth ní Wales, ni mo lò. Megahertz 46.5 ni ráda náà fi ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ìdàrú afẹ́fẹ́ tó fẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 3 ló ń dá ìgbì rédíò rẹ̀ padà.

Ìtànṣán ráda tó dojú kọ òkè tààrà kò tó fún iṣẹ́ yìí, nítorí irú ìgbì tí mo ń wá, èyí tí ìyípo ayé náà ń darí, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé afẹ́fẹ́ lọ sókè-sódò. Àwọn tó yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ní ìwọ̀n 6° ni mo fi ṣírò afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ sí ìlà-oòrùn àti sí àríwá, láti kìlómítà 12 dé 18.

Yíyọ afẹ́fẹ́ gbogbogbòò kúrò ló gba sùúrù jù. Bí ìlà tí a fà láti dúró fún afẹ́fẹ́ gbogbogbòò náà bá tẹ̀ lé dátà jù, ìgbì gan-an la ó gbé sọnù. Bí ó bá sì tẹ́jú jù, a ó máa pe ẹ̀fúùfù lásán ní ìgbì. Oríṣiríṣi ìlà ni mo dán wò, èyí tí kò bá sì hàn nínú gbogbo wọn, n kò gbà á gbọ́.

Nígbà tí mo ya èyí tó ṣẹ́ kù, tí mo fi ti ìlà-oòrùn sí apá kan àwòrán, ti àríwá sí apá kejì, ó yí po bí ẹyin, ó sì ń yí bí ọwọ́ aago ṣe ń yí bí a ti ń gòkè. Ní ìdajì ayé tó wà lápá àríwá, èyí túmọ̀ sí pé agbára ń gòkè láti ìsàlẹ̀. Gígùn ẹyin náà fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìlọ́po méjì ìbú rẹ̀, èyí tó fi hàn pé ìgbì náà ń mì ní ìlọ́po méjì bí ìyípo ayé nìkan ì bá ti mú un mì. Wákàtí 15 ni ìyípo ayé fi ń darí afẹ́fẹ́ ní agbègbè yẹn, nítorí náà, lójú afẹ́fẹ́ tó gbé ìgbì náà, nǹkan bíi wákàtí 7.5 ni ó fi ń mì lẹ́ẹ̀kan.

Mo wá wo àwọn wákàtí tó tẹ̀ lé e: orí ìgbì náà ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó bá ohun tí ẹyin náà sọ mu, nítorí nínú irú ìgbì yìí, bí orí ìgbì bá ń sọ̀ kalẹ̀, agbára ń gòkè ni, àyàfi tí ẹ̀fúùfù líle bá dojú ìrìn rẹ̀ rú lójú ẹni tó dúró lórí ilẹ̀.