Bí a ṣe ń ka ọjọ́ ní ẹ̀gbẹ́ ìlà ọjọ́

Ìlà ọjọ́ ni ìlà àfinúrò tó gba àárín òkun Pàsífíìkì kọjá; ọjọ́ ìhà Éṣíà rẹ̀ fi ọjọ́ kan ṣáájú ti ìhà Amẹ́ríkà. Ká ní aago mẹ́wàá àárọ̀ ọjọ́ Ajé ló lù ní Ògbómọ̀ṣọ́. Fún Apia, olú ìlú Samoa, fi wákàtí 12 kún un: aago mẹ́wàá alẹ́ Ajé. Fún Pago Pago, ní Samoa ti Amẹ́ríkà, ní òdìkejì ìlà náà, yọ wákàtí 12: aago mẹ́wàá alẹ́ náà ni, ṣùgbọ́n Àìkú ni wọ́n ṣì wà. Bẹ́ẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú kì í lò tó wákàtí kan láàárín wọn!

Bí o bá ti ka wákàtí láti ilé báyìí, má tún yọ ọjọ́ kankan mọ́. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹni tó bá sọdá ìlà náà gan-an láti ìhà Amẹ́ríkà sí Éṣíà ló ń fi ọjọ́ kan kún déètì. Bó bá ń padà, a yọ ọ́.

Kí ló dé tí ìlà ọjọ́ fi wọ́? Kò sí àdéhùn àgbáyé tó so ó mọ́ ìlà 180, ìlà tààrà tó ti àríwá ayé dé gúúsù rẹ̀. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló ń yan ọjọ́ tirẹ̀. Kiribati, orílẹ̀-èdè erékùṣù kan ní Pàsífíìkì, fà á lọ sí ìlà oòrùn ní 1995, kí gbogbo erékùṣù rẹ̀ lè máa lo ọjọ́ kan náà. Samoa, nítorí òwò pẹ̀lú Ọsirélíà àti New Zealand, fo 30 Oṣù Kejìlá 2011: wọ́n sùn ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n jí ní Àbámẹ́ta.